Ilé Oníbúrẹ́dì Lórí Tábìlì

Ẹnu ayé ò ṣeé dí. Wọ́n ní ìyàwó Káfíńtà lu obìnrin kan nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú, pé ó fa aṣọ ya mọ́ ọn lọ́rùn, àwọn ẹ̀ṣọ́ ló sì gbé e síta. Irọ́ ńlá! Kò lu ẹnikẹ́ni. Ilé ló bá jà, ilé kékeré kan báyìí tí àtẹ́lẹwọ́ gbà. Ògiri kan ló pín yàrá tèmi àti tiẹ̀ níyà, ẹnu ara rẹ̀ ni mo sì ti gbọ́ ọ.

Aránṣọ ni. Ọkọ rẹ̀ ni à ń pè ní Káfíńtà, ṣùgbọ́n kì í kan àga, kì í kan ibùsùn. Ìlú ló ń gbẹ́. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé yẹn, tó ń fi bí wọ́n ṣe kọ́ ìlú àti bí wọ́n ṣe fẹ́ tún un tò han aráyé, ló gbà á síṣẹ́. Gbogbo ilé tó wà láàárín ìlú ló ń fi igi gbẹ́ ní kékeré, tó ń lẹ̀ wọ́n mọ́ tábìlì kan tó fẹ̀ ju yàrá lọ. Àga tiwọn nílé sì ń mì bí eyín arúgbó, kò rójú kàn án.

"Ìyálé mi ń bẹ lórí tábìlì," aránṣọ á wí, á rẹ́rìn-ín tí kò dénú.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣí tábìlì náà fún aráàlú, wọ́n ní kí ará ilé àwọn òṣìṣẹ́ kọ́kọ́ wá wò ó. Aránṣọ múra, ó lọ. Ilé tiwọn ló kọ́kọ́ wá. Ó tọ títì wọn lọ pẹ̀lú ìka, ó dé ibùdókọ̀, ó kan ègé igi kan, kò nílẹ̀kùn, kò ní fèrèsé, àfi bí ọṣẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé.

"Ilé wa rèé?"

"Òun ni," ọkọ rẹ̀ wí, ó tiẹ̀ ń yangàn.

Ojú aránṣọ wá bọ́ sí ẹ̀bá ojú irin. Ilé kan dúró síbẹ̀ bí ìyàwó ojú ọ̀nà: ilẹ̀kùn pupa, àtẹ̀gùn tín-ín-rín, ìkòkò òdòdó, àní aṣọ fèrèsé aláwọ̀ ewé ń bẹ lójú fèrèsé ẹ̀yìnkùlé. Ó mọ̀ ọ́n. Ilé oníbúrẹ́dì ni, obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ì bá fẹ́ kó tó pàdé òun. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń bára wọn gbé, ọkùnrin náà ò dárúkọ rẹ̀ rí. Ìyẹn gan-an ló ń jẹ aránṣọ lọ́kàn.

Àwọn àgbà ní òjòwú ò lẹ́ran láyà. Ó ń wo àtẹ̀gùn yẹn, ó ń rò ó pé ọwọ́ tó ń di òun mú ló fi sùúrù gbẹ́ ẹ. Ẹnu ọkọ òun ló ń fẹ́ ìyẹ̀fun igi kúrò lójú fèrèsé obìnrin yẹn, fúú, fúú, bí ẹni ń fẹ́ ojú ọmọ.

"Bàbá ọmọ mi, ta ló ń gbé ibí?"

"Ṣebí ìwọ náà mọ̀ ọ́n."

"Mo ní kó o fẹnu ara rẹ sọ ọ́."

Kò dúró gbọ́. Ó na ọwọ́, ó fa ilé náà tu, jáá! Àtẹ̀gùn fò lọ, ìkòkò òdòdó yí wọ abẹ́ tábìlì.

"Mà, ẹ má fọwọ́ kàn án!" Ẹ̀ṣọ́ sáré dé. "Ẹ ti wó ilé onílé!"

"Kó wó! Kó lọ sùn nínú ààrò búrẹ́dì rẹ̀!"

Ọkọ rẹ̀ fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò bínú, ó kàn rẹ̀ ẹ́. "Ìyá ọmọ mi, ǹjẹ́ o bi mí? Ilé tó o bá rí níbí tó ní fèrèsé, wọ́n máa wó o ni. Títì tuntun ń bọ̀ níbẹ̀. Bí a ṣe ń ṣiṣẹ́ wa nìyẹn: ilé tí yóò dúró, a ó gé igi lásán fún un, ẹni tó bá fẹ́ rí i kó lọ wò ó lójúkojú. Èyí tó ń lọ là ń gbẹ́ délẹ̀, torí tó bá ti lọ, ibí nìkan ló kù tí a ó ti máa rí i."

Aránṣọ yíjú padà. Lóòótọ́, gbogbo ilé ẹ̀bá ojú irin ló ní fèrèsé, òmíràn ní okùn ìsáṣọ. Owú ò jẹ́ kó rí wọn. Ojú tì í díẹ̀. Àmọ́ díẹ̀ náà ni.

"Aṣọ fèrèsé yẹn ńkọ́? Ẹ̀yìnkùlé ló wà. Ẹni tó dúró ní títì ò lè rí i."

"Wọ́n ní ká wọ gbogbo ilé lọ wọ̀n ọ́n. Èmi àti téèpù la jọ wọlé."

"Téèpù ti wá ń wọ̀n àwọ̀ aṣọ báyìí?"

Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ń wá ìkòkò òdòdó lábẹ́ tábìlì.

Ìgbà tí mo rí aránṣọ kẹ́yìn, mo bi í bóyá inú ṣì ń bí i.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti dárí jì í," ó wí. "Mo tiẹ̀ ń gbàdúrà kí ilé wa jẹ́ ègé igi lásán títí ayé. Ọjọ́ tí mo bá rí fèrèsé lára rẹ̀, ẹrù ni kí n bẹ̀rẹ̀ sí í dì. Ṣùgbọ́n aṣọ aláwọ̀ ewé yẹn, mo ti ra irú ẹ̀, mo ti rán an, mo ti fi kọ́ sójú fèrèsé yàrá wa. Tó bá wù ú í wò, kó máa wò ó nílé."