Pátákó Tó Bo Kọ́nà Ilé-Ìwé Wa

Ẹ̀yin àbúrò mi, ọdún tí mo ṣe agùnbánirọ̀ tán, tí mo padà sílé lágbègbè Òmù-Àrán láìríṣẹ́, ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ìdìbò ti sún mọ́lé nígbà náà. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, inú ń bí mi, àyà mi sì ń já. N kò mọ èyí tó ju èkejì lọ nínú méjèèjì.

Àbúrò ìyá mi, Àǹtí Mojí, jẹ́ tíṣà nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan létí ọ̀nà Ẹ̀sìẹ́. Òun ló ń kó àwọn ọmọ sọdá títì lọ́sàn-án, ní kọ́nà kan tí jàǹbá kì í tán níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ọ̀kadà gbá ọmọ kíláàsì rẹ̀. Ọmọ náà yè, ṣùgbọ́n ó ń tiro. Mo gbéra, ó di ọ́fíìsì àwọn tó ń mójú tó òpópónà.

Ọ̀gá ibẹ̀ yẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀ wò, ó rẹ́rìn-ín. "Sísí, kò sí jàǹbá kankan níbẹ̀ o. Kọ́nà yín mọ́ tóńtóń."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọmọ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ farapa níbẹ̀!"

"Ta ló fi tó ọlọ́pàá létí?"

Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn. Lọ́dọ̀ wa, bí ọkọ̀ bá gbá èèyàn, awakọ̀ á gbé e lọ sọ́síbítù, àwọn ẹbí awakọ̀ á wá dọ̀bálẹ̀, àwọn àgbà á ní ká fọwọ́ wọ́nú, ọ̀rọ̀ parí. Ìwà ọmọlúàbí là ń pè é. Lójú ìjọba, ẹnikẹ́ni ò ṣubú rí. Ojú tì mí, inú sì bí mi: àánú wa ló ń bo ọgbẹ́ wa mọ́lẹ̀!

"Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́," ni Àǹtí Mojí wí.

Àwa méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ojúlé dé ojúlé, à ń bi àwọn tó ti farapa ní kọ́nà náà léèrè. Níbo lẹ ṣubú sí? Ìgbà wo ni? Kí lẹ rí kẹ́ ẹ tó ṣubú? Ẹ̀rù ba àwọn kan. "Ṣé ẹ ò ní fi ọlọ́pàá mú ẹni tó ti wá bẹ̀ wá?" A búra fún wọn. Ibi tí kálukú bá júwe, a fi ẹfun sàmì sójú títì. Nígbà tó yá, gbogbo àmì fẹ́rẹ̀ẹ́ kó jọ sídìí pátákó ìpolongo olóṣèlú kan. A ò rí ẹnì kan tó ṣubú kí wọ́n tó ri pátákó náà mọ́lẹ̀. Òun ni kì í jẹ́ kí awakọ̀ tó ń bọ̀ látòkè rí ẹni tó ń sọdá.

Àwa àtàwọn òbí bá jókòó sábẹ́ rẹ̀, a ní kí wọ́n wú u. Aṣojú olóṣèlú náà bẹ́ sílẹ̀ látinú jíìpù.

"Ta ló rán yín? Ẹgbẹ́ kejì, àbí?"

"Ọmọ tó ń tiro ló rán wa," ni Àǹtí dáhùn.

"Tíṣà, ẹ ṣọ́ra yín o. Ọlọ́lá ló wà lókè yẹn!"

Bàbá kan pariwo láàárín èrò: "Kó sọ̀kalẹ̀ wá bá wa kó ọmọ sọdá nígbà náà!"

A rẹ́rìn-ín títí. Kò pẹ́ tí ọlọ́pàá dé, wọ́n lé wa. Ní ọjọ́ kejì, àwọn èèyàn olóṣèlú náà gbé omi tánkà wá, wọ́n fọ gbogbo ẹfun wa dànù. Ẹ gbà mí gbọ́, n kò tí ì bínú bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n rí owó ra omi fọ ẹ̀rí, wọn ò rí owó wú pátákó.

Ìdìbò dé, olóṣèlú náà fìdí rẹmi. Wọ́n wó pátákó rẹ̀. A jó, mo sì rò pé ẹ̀rí wa ló ṣẹ́gun. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n ti ri pátákó ẹni tó wọlé sínú ihò kan náà: ó ń dúpẹ́ pé a dìbò fún òun.

Èrè tí a rí níbẹ̀ kò pọ̀. Lónìí, bí àwọn àgbà bá ti parí ọ̀rọ̀ jàǹbá, wọ́n á ní kí ẹnì kan lọ sọ ọ́ ní tẹ́ṣàn ọlọ́pàá, kò sì sẹ́ni tó tún lè pe kọ́nà wa ní mímọ́. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọmọ yẹn ò padà bọ̀ sípò, ìjọba sì ṣì jẹ wá ní gbèsè ọ̀nà tí awakọ̀ àti ẹni tó ń sọdá ti lè rí ara wọn.

Lọ́sàn-án àná, mo bá Àǹtí Mojí ní kọ́nà. Kò lè rí ohun tó ń bọ̀ látẹ̀yìn pátákó. Ó ní kí àwọn ọmọ dákẹ́. Ó ká ọwọ́ sí etí, ó tẹ́tí sí ìró ọkọ̀ títí, ó wá ní, "Ó yá, ẹ sáré."