Aago Tí A Ní Bàbá Àgbà Kò Wọ̀ Rí

Ẹ bá mi kí ọwọ́ òsì o! Ọwọ́ tí a kì í fi júwe ilé bàbá ẹni, ọwọ́ tí a kì í fi gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, òun náà ló di ọba lọ́jọ́ tí wọ́n so aago mọ́ ọn. Mo ti rí ọkùnrin tó na ọwọ́ òsì gbọọrọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, bí ẹni tó fẹ́ dá ọkọ̀ dúró, kí gbogbo ìjọ lè mọ̀ pé aago tuntun ti dé. Ta ló bi í ní àkókò? Kò sẹ́ni tí kò ní fóònù lápò!

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé wa ní Ọ̀wọ̀ ni mo fẹ́ rò fún yín, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi. Bó bá rí yín lára, ó rí èmi náà lára.

Ìmẹ̀rì, ìlú kan lágbègbè Ọ̀wọ̀ níbí, ni bàbá tó bí ìyá mi ti wá. Nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, ó máa ń ru ẹrù fún àwọn òyìnbó tó wá wọn ilẹ̀ àti àwọn òkè agbègbè wa. Lọ́jọ́ kan, odò Ọ̀sẹ̀ kún, ọ̀gá wọn ò lè kọjá. Bàbá kọ́kọ́ ru àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ kọjá, ó padà, ó wá pọn òun náà sẹ́yìn bí ọmọ ọwọ́. Nígbà tí wọ́n dé òdìkejì, òyìnbó náà bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀, ó fi ta Bàbá lọ́rẹ. Bàbá fi ìṣó kọ orúkọ ara rẹ̀ sí ẹ̀yìn aago náà: OJO. Ó wọ̀ ọ́ lọ sóko, ó wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, títí ó fi kú.

Láti ìgbà náà, ọwọ́ Màmá, ìyàwó rẹ̀, ni aago náà wà. Láràárọ̀, kí ó tó kí ẹnikẹ́ni, á yí i kó lè máa ṣiṣẹ́, á gbé e sétí, á ní, “Ó ti jí.” Ṣé ẹ rí i pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ àkókò mọ́?

Àfi bí Bọ̀dá Dípò ṣe dé. Àbúrò ìyá mi ni, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, kò sì ríṣẹ́ mìíràn ṣe ju fóònù títẹ̀ lọ. Orí fóònù yìí ló ti kà á pé irú aago bẹ́ẹ̀ ni àwọn òyìnbó kan wọ̀ gun òkè oníyìnyín, pé àwọn kan wà tó ń wá a kiri láti kó o jọ. Ó rí ọ̀kan nínú wọn ní Àbújá, onítọ̀hún sì ní òun ń bọ̀ wá wò ó.

Háà! Bọ̀dá Dípò bẹ̀rẹ̀ sí í hun ìtàn. Lákọ̀ọ́kọ́, ó ní òyìnbó tó wá wọn ilẹ̀ ti gun òkè tó ga jù láyé. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ìsinmi, òyìnbó náà ti dé ìpẹ̀kun ayé níbi tí omi òkun ti dì gbagidi. Mo bi í léèrè pé kí ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ wá wá sí Ìmẹ̀rì. Ó ní ó wá sinmi.

Màmá kọ̀, kò fi aago sílẹ̀. Èmi ni wọ́n rán sí i, torí ó fẹ́ràn mi. Mo sọ fún un pé wọn á kàn wò ó ni, pé bó ṣe lọ ni yóò ṣe padà. Ó bọ́ ọ fún mi.

Ẹ sì mọ àwa ọmọ Ọ̀ghọ̀, bí a ṣe ń pe Ọ̀wọ̀ wa. Bí àlejò ńlá bá ń bọ̀, a ó kun ojú ilé, a ó fọ kọ́tìnì, bí ajá ò bá ṣọ́ra, a ó fọ òun náà. Bọ̀dá Dípò gbé aago lọ bá alágbẹ̀dẹ wúrà nígboro. Wọ́n ha ẹ̀yìn rẹ̀ títí orúkọ fi parẹ́, wọ́n kun ojú rẹ̀, wọ́n fi wúrà bo ìyókù. Nígbà tí mo rí i, mo yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Mo ní orúkọ Bàbá wá ńkọ́?

Ó ní, “Ṣé o fẹ́ kí àlejò rò pé alárù ló ni ín ni?”

Alárù! Bàbá tó fi ẹrù rírù rán an lọ síléèwé!

Àlejò dé, ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ kan. Ó fi awò kékeré wo aago náà tiwájú tẹ̀yìn, ojú rẹ̀ sì fà ro. Ó bi wá bóyá bàbá wa wọ̀ ọ́ rí. Bọ̀dá Dípò búra pé rárá o, pé inú aṣọ funfun ni Bàbá wé e sí. Àwọn ẹbí tó jókòó níbẹ̀ mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọkùnrin náà ní ó mà ṣe o. Ó ní aago tó bá ti dán báyìí kò wúlò fún òun, pé ojú àtijọ́ àti ọwọ́ tó bá a rìn ni òun ń wá. Ó mu omi, ó kí wa, ó lọ. Kò fọwọ́ kan iyán tí a gún.

Màmá wà lẹ́yìn kọ́tìnì látòkè délẹ̀ ọ̀rọ̀. Ó jáde, ó gba aago náà, ó fi àtàǹpàkò wá orúkọ lẹ́yìn rẹ̀ títí. Ó gbé e sétí. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ó wá nà án sí mi.

“Ẹ lọ bá mi wá ẹni tó ni ín,” ó ní. “Ọkọ tèmi ò wọ aago rí. Ẹ̀yin náà lẹ sọ ọ́.”

Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó yí i mọ́.

Ẹ̀kọ́ mi kò pọ̀: ẹni tó ń tijú ẹrù tí bàbá rẹ̀ rù, kó má jẹ nínú ohun tí ẹrù náà rà. Ṣé wọ́n ti fọ ìtàn ilé tiyín náà mọ́ nítorí àlejò? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún wa, ẹ má bo ẹnikẹ́ni láṣìírí.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú Bọ̀dá Dípò, ẹ gbọ́ èyí. Àlejò náà kò gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ tán. Ó yíjú sí èmi tí wọ́n ní mo lọ yunifásítì, ó ní kí n sọ òótọ́, ṣé bàbá àgbà mi wọ aago yìí rí.

Mo ní rárá.