Aṣọ́lé Òkè-Onígbìn

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé Òkè-Onígbìn gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ eré ìdárayá, ọ̀gá ilé-ìwé mú mi lọ wo pápá. Ìyá kan ń sá láfún sí àárín rẹ̀.

Ọ̀gá ní, "Ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú, mà. Àwọn ọmọbìnrin ibí kì í gbá bọ́ọ̀lù."

Mo bẹ ìyá náà kó bá mi sún láfún rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì sún un. Bí iṣẹ́ mi ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Àárọ̀ kùtù la máa ń ṣe ìdánrawò. Ẹsẹ̀ lásán ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà fi ń gbá bọ́ọ̀lù. Pápá wa dagẹ̀rẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù bá yí lọ sísàlẹ̀, inú oko ẹ̀gẹ́ la ti ń wá a. Mo máa ń sọ fún wọn pé ẹni tó bá lè sáré gun òkè yìí, pápá tó tẹ́jú ò ní í rẹ̀ ẹ́. Kò fi bẹ́ẹ̀ dá èmi fúnra mi lójú.

Fúnmi ni aṣọ́lé wa, ọmọ gíga tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bó bá nawọ́, ṣe ni bọ́ọ̀lù máa ń lẹ̀ mọ́ ọn bí ẹni pé ó fi àtè pa ọwọ́. Nígbà tí ìdíje àwọn ilé-ìwé, tó máa wáyé ní Ọ̀mù-Àrán, kù sí dẹ̀dẹ̀, a ò rí i mọ́. Mo lọ kúnlẹ̀ kí bàbá rẹ̀, àgbẹ̀ oníṣu tó tún jẹ́ alàgbà nínú ìjọ.

"Ẹ dìde, tíṣà," ni wọ́n wí. "Mo mọ ohun tẹ́ ẹ bá wá. Èkó làwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà, òun nìkan ló kù sí mi lọ́wọ́. Ṣé bọ́ọ̀lù ló máa bá mi wa iṣu?"

Mo dìde, mo padà sílé-ìwé. Nígbà tí mo ròyìn fáwọn ọmọ, Bọ́sẹ̀, balógun wa, ní, "Mà, ẹ jẹ́ ká lọ bá wọn wa iṣu ọ̀hún."

Ní Sátidé, gbogbo wa ya lọ sóko Alàgbà. Àwọn ọmọ ń wa iṣu, wọ́n ń rù ú, wọ́n sì ń bá ara wọn sáré pẹ̀lú ẹrù lórí. Èmi ni mo ń ṣá iṣu kiri.

Alàgbà ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ jókòó. Ẹ ò ní í pa iṣu mi tán."

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ẹ máa mú un lọ. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ wọ ṣòkòtò péńpé o."

"Aṣọ́lé lè wọ gígùn, sà."

Lọ́jọ́ ìdíje, òjò rọ̀, bọ́ọ̀sì wa rì sínú ẹrẹ̀. Àwọn ọmọ bọ́ sílẹ̀, wọ́n tì í jáde. Nígbà tá a dé Ọ̀mù-Àrán, ẹrẹ̀ ti bò wọ́n dé orúnkún. Àwọn tá a fẹ́ bá gbá wọ bàtà tuntun. Ọ̀kan nínú wọn bi wá pé, "Ṣé oko lẹ ti ń bọ̀ ni?"

Bọ́sẹ̀ ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. A sì ti jẹun yó níbẹ̀."

Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ gbá góólù wọlé. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ó rẹ̀ wọ́n; kò rẹ àwọn ọmọ tèmi. Bọ́sẹ̀ dá góólù náà padà, ó di pẹnárítì. Ó wá ku ẹyọ kan ṣoṣo: bí Fúnmi bá mú un, àwa la borí. Ó ń nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò léraléra. Ni mo bá gbọ́ ohùn ọkùnrin kan lẹ́yìn gólì.

"Fúnmiláyọ̀! Fara balẹ̀! Bàbá rẹ wà níbí!"

Alàgbà ni, pẹ̀lú aṣọ oko lọ́rùn, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà. Fúnmi fò sápá òsì, ó gbá bọ́ọ̀lù náà mọ́ àyà. Kí n tó ta pútú, Alàgbà ti wà láàárín pápá, wọ́n gbé ọmọ wọn lé èjìká, rẹfirí ń lé wọn jáde, wọn ò gbọ́.

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Fúnmi ti di tíṣà l'Ájàṣẹ́-Ìpo, òun náà ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní bọ́ọ̀lù. Láìpẹ́ yìí, ó pè mí láàárọ̀, ohùn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì.

"Mà, ọmọ mẹ́ta péré ló wá."

"Ìwọ ńkọ́? Ṣé o ti dé pápá?"

"Mo ti dé, mà."

"Ó dáa. Ẹ ti pé mẹ́rin. Ẹ bẹ̀rẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ tó fọn fèrè, kó tó rántí pa fóònù.