Ogun Àpèkẹ́ Nínú Opó

Àpèkẹ́ lanu, kò lè pa á dé. Ó ju fóònù sórí ẹní bí ẹni tí ejò yọ sí lọ́wọ́.

Opó ló ń ṣe, nílé ọkọ rẹ̀ ní Ìdèrè. Sàláúdéènì, olóko ẹ̀gẹ́, jí lọ sóko, òkú rẹ̀ ni wọ́n gbé bọ̀. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni ẹ̀sìn wí, Àpèkẹ́ sì ti pinnu pé òun á ṣe é pé láìlábùkù: òun ò ní bá ọkùnrin àjèjì ṣeré, òun ò ní bá a tàkúrọ̀sọ. Ohun tó kù tí òun lè fún ọkọ òun nìyẹn.

Ràhmọ̀t ọmọ rẹ̀ rí i pé ògiri ni ìyá òun ń wò látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ló bá ki eré ogun kan sínú fóònù fún un. Wàá tẹ ìlú dó sétí odò, ọ̀tá á wá láti òdìkejì.

"Màmá, ẹ tẹ ti òkè yìí, kọ̀ǹpútà ni yóò bá yín jà. Ti ìsàlẹ̀, ènìyàn ni."

Àpèkẹ́ kò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n àtàǹpàkò rẹ̀ mọ òkè. Abà Sàláúdéènì ló sọ ìlú rẹ̀.

Bí ọkọ rẹ̀ ti ń dẹ ọ̀yà ló ń jagun: ó ṣọgbà yí ká, ó fi àlàfo kan ṣoṣo sílẹ̀, ó dẹ tàkúté síbẹ̀. Ojoojúmọ́ ni kọ̀ǹpútà ń gba ibẹ̀ wọlé wá kú. "Olórí irin!" ni Àpèkẹ́ á pè é, á rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́wàá kí opó parí, ọ̀tá dé etí odò, ó wo àlàfo, kò wọ̀ ọ́. Àpèkẹ́ lọ kírun, ó dé, ọ̀tá ṣì dúró. Ó yà á lẹ́nu, torí bí èèyàn bá kúrò nídìí eré lọ bu omi mu lásán, kọ̀ǹpútà á ti jó abà. Síbẹ̀ kò fura. Lọ́jọ́ kejì, ó tilẹ̀ ń bá irin náà sọ̀rọ̀:

"Mi ò sọ fún ẹnì kan o. Ohùn ọkọ mi ti ń sá kúrò létí mi." Ojú wá tì í, ló bá bú u: "Kí ni mò ń bá ọ sọ? Ìwọ tí ìyá kan ò bí!"

Fóònù dáhùn. Ohùn ọkùnrin.

"Ìyá bí mi o, Màmá. Ìlú Tápà níbí ló wà. Ẹ kú ìrọ́jú."

Àṣé àwọn tó ṣe eré náà ti tún un tò: òkè ti di ìsàlẹ̀. Àtàǹpàkò ti lọ tẹ ènìyàn láti àná, ohùn Àpèkẹ́ sì ń dé etí ẹni náà.

Ìgbà náà ló ju fóònù sórí ẹní, tó sáré tọ Hàlímọ̀, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin, nínú agbolé.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí! Mo ti bá ọkùnrin ṣeré nínú opó!"

"Ọkùnrin? Níbo ló gbà wọlé?"

"Inú fóònù ni."

Hàlímọ̀ gbọ́ gbogbo rẹ̀, ẹ̀rín fẹ́ pa á, ó gbé e mì. "Ṣé o mọ̀ pé ènìyàn ni?"

"Irin ni mo pè é."

"Èyí tí o kò mọ̀ kò sí lọ́rùn rẹ, ìyàwó. Èyí tí o wá mọ̀ yìí ló kù."

Bí Àpèkẹ́ bá fi eré sílẹ̀, ọ̀tá á sọdá, á jó abà tó ń jẹ́ orúkọ ọkọ rẹ̀. Bó bá sì padà lọ gbèjà rẹ̀, opó bàjẹ́. Ó pa fóònù láìdágbére, ó fi dàńṣíkí Sàláúdéènì wé e, ó tì í mọ́ inú àpótí. Fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, kò dijú kó má rí iná.

Ọjọ́ tí opó parí, ó wẹ̀, ó pààrọ̀ aṣọ, ó ṣí àpótí. Ó ti múra ẹkún sílẹ̀.

Òrùlé kan kò jó. Ọmọ ogun ọ̀tá tò bẹẹrẹ lódìkejì odò, níbi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀ gan-an. Ẹnì kan kò tẹsẹ̀ bomi.

Àpèkẹ́ jókòó gbì.

"Ha! Ìyá bí i," ló wí. "Ìyá bí i lóòótọ́."