Bí Gbìì Ṣe Pọn Ìyàwó Rẹ̀ Sọ̀ Kalẹ̀ Lórí Òkè

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá Gbìì wà ní jíìmù, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú gun àtẹ̀gùn. Ẹ dúró sí títì, kí ẹ tẹ́tí. Tó bá ti gbé irin sókè tán, tó ti wo ara ẹ̀ dáadáa nínú dígí, á kàn tú ọwọ́ sílẹ̀ ni, irin á sì já lulẹ̀ gbìì. Fèrèsé á mì. Nísàlẹ̀, nínú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, ọkùnrin kan tí wọ́n fá ìdajì orí ẹ̀ á gbójú sókè, á mí kanlẹ̀, nítorí pé Gbìì gan-an ni onígbàjámọ̀ náà, òun ló sì fi í sílẹ̀ tó ní òun ń bọ̀. Ibẹ̀ ni orúkọ yẹn ti lẹ̀ mọ́ ọn.

Òun ni ọ̀gá ẹgbẹ́ àwọn tó ń sáré, tí wọ́n sì ń gun kẹ̀kẹ́ lórí òkè tó wà lẹ́yìn ìlú. Ta ló fi í jẹ ọ̀gá? Kò sẹ́ni tó mọ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé, ohùn ẹ̀ ló kọ́kọ́ débẹ̀, òun fúnra ẹ̀ wá tẹ̀ lé e. Látìgbà náà, fèrè ò kúrò lọ́rùn ẹ̀, tí wọ́n bá sì pè é ní "ọ̀gá", orí ẹ̀ á wú débi pé fìlà á há. Adìyẹ funfun ò mọ ara ẹ̀ lágbà. Bàbá ọmọ ni, síbẹ̀ ipò tí ẹnikẹ́ni ò bá a dù ló wá gbé lé orí bí adé.

Ó tún wá ṣòfin. Ẹnìkan fi ẹsẹ̀ rọ́ lórí òkè lọ́jọ́ kan, àwọn tó ń gbé e bọ̀ sì gbé e ṣubú lọ́nà. Gbìì bínú. Ó ní láti ọjọ́ náà lọ, ẹni tó bá máa jẹ ọ̀gá gbọ́dọ̀ lè pọn èèyàn láti orí àpáta títẹ́jú tó wà láàárín òkè títí dé ìsàlẹ̀, ẹsẹ̀ ẹni tó pọ̀n ò sì gbọdọ̀ kanlẹ̀. Òfin gidi ni, ká má parọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ní kí ẹni tó ṣòfin kọ́kọ́ dán an wò.

Kóòṣì ni ẹni tó ń kọ́ wọn ní jíìmù, obìnrin kúkúrú kan tó ti fi kẹ̀kẹ́ sáré lórí òkè títí orúnkún ẹ̀ fi ní kó sinmi. Ojoojúmọ́ ló ń bá Gbìì sọ ọ̀rọ̀ kan náà.

"Ọ̀gá, ẹ má ju irin sílẹ̀. Ẹ rọra gbé e sọ̀. Tẹ́ ẹ bá ń bọ̀ látorí òkè, itan ló ń dá ara dúró ní gbogbo ìgbésẹ̀. Itan tí ò bá kọ́ bí wọ́n ṣe ń dá nǹkan dúró, ó máa dójú tini."

"Kóòṣì, ta ló nílò agbára kó tó já bọ́?" Gbìì á bojú wo àwọn tó wà níbẹ̀. "Sísọ̀, ọ̀fẹ́ ni Ọlọ́run fi ṣe."

Gbogbo wọn á rẹ́rìn-ín. Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Ẹnìkan ṣoṣo tí kì í rẹ́rìn-ín ni Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Irin á wà léjìká ẹ̀, á máa lóṣòó díẹ̀díẹ̀, díẹ̀díẹ̀, ẹnu ẹ̀ á kákò bí ẹni tó ń lo oògùn kíkorò. Ó máa ń sú èèyàn láti wò.

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ yìí ló dìde nípàdé lọ́jọ́ kan. "Ọ̀gá, ẹ má bínú o. Èmi náà fẹ́ ṣe ọ̀gá. Òfin tẹ́ ẹ ṣe, ẹ jẹ́ ká fi dán ara wa wò."

Gbìì rẹ́rìn-ín títí. Ó délé, kò lè jẹun.

Télọ̀ nìyàwó ẹ̀. Aṣọ iléèwé kún ilẹ̀ yíká ẹ̀rọ ìránṣọ, ó sì ní láti rán gbogbo ẹ̀ tán kí àwọn ọmọ tó padà síléèwé.

"Ìwọ ni màá pọ̀n," Gbìì wí.

"Dádì, kí ló ṣe ẹsẹ̀ mi?"

"Ìwọ lo fúyẹ́ jù."

"Ẹ lọ pọn àpò iyanrìn. Èmi níṣẹ́ lọ́wọ́."

Gbìì jókòó tì í. Kò pariwo, ìyẹn gan-an ló ba obìnrin náà lẹ́rù. "Tí wọ́n bá gba ipò yẹn lọ́wọ́ mi," ó ní, "ta ni mo tún jẹ́ níta?" Àánú ẹ̀ ṣe obìnrin náà. Ó wo aṣọ tó wà nílẹ̀, ó wo ọkọ ẹ̀, ó ní òun gbà.

Lọ́jọ́ ìdánwò náà, Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló kọ́kọ́ sọ̀. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó ń ṣe búrẹ́dì ló pọ̀n, ọkùnrin tó jẹ nínú ọjà ara ẹ̀ yó. Ìgbín yá jù ú lọ. Àwọn kan ń yán, àwọn kan ń wo fóònù. Ó dé ìsàlẹ̀, ó sọ ọ̀rẹ́ ẹ̀ kalẹ̀, ó ní kí wọ́n fún òun lómi.

Ó wá kan Gbìì. Ó pọn ìyàwó ẹ̀, ó juwọ́ sáwọn tó ń ya fọ́tò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó dùn ún wò, kí n má purọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà dà gẹ̀rẹ́, òkúta wẹ́wẹ́ bẹ̀rẹ̀, itan ẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ìyàwó ẹ̀ mọ̀ ọ́n lára kí Gbìì fúnra ẹ̀ tó gbà.

"Dádì, ẹ sọ̀ mí."

"Dákẹ́, ó kù díẹ̀."

"Ẹsẹ̀ yín ò gbé yín mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀ mí."

Obìnrin náà fẹ́ na ẹsẹ̀ kanlẹ̀ fúnra ẹ̀. Gbìì dì í mú, ó há ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́ ìhà bí ẹni tí wọ́n fẹ́ jà lólè. Ìgbésẹ̀ mélòó kan sí i, orúnkún ẹ̀ yẹ̀, àwọn méjèèjì sì ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà.

Kóòṣì sáré dé, Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ náà dé. Gbìì ti jókòó, eruku bo ojú ẹ̀, ẹsẹ̀ ìyàwó ẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó gbé e sókè kúrò nílẹ̀.

"Ṣé ẹsẹ̀ ẹ kanlẹ̀?" ó bi í. "Sọ fún wọn, ṣé ẹsẹ̀ ẹ kanlẹ̀?"

Obìnrin náà fi ọwọ́ òsì gbé ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ tó ti wọ́.

"Ẹsẹ̀ mi ò kanlẹ̀," ó ní. "Apá mi ló kanlẹ̀. Ẹ máa ṣe ọ̀gá yín lọ."

Ó gba ẹsẹ̀ ẹ̀ lọ́wọ́ ọkọ ẹ̀. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ gbé ẹ̀yìn fún obìnrin náà, ó lóṣòó, ó sì rọra pọ̀n ọ́n sọ̀ kalẹ̀.