Ohun Kékeré Tó Ń Ka Ọ̀rọ̀ Àlejò

Prámárì fọ́ọ̀ ni mo ti kúrò nílé ìwé, àmọ́ láti Jakande dé Ajah, ẹ béèrè mi lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ bá ti ṣàìsàn rí. Ìgbà tí wọ́n ń fẹ títì ẹ̀kìspíréẹ̀sì wa, tí eruku ń wọ inú gbogbo ẹ̀rọ, ni òkìkí mi kàn.

Ọ̀rọ̀ Bọ́sẹ̀ ni mo fẹ́ sọ. Òun ló ń gba àlejò ní hòtẹ́ẹ̀lì kékeré kan ní Eleko. Màdáàmù tó ni ibẹ̀ pè mí pé kí n wá yí páásìwọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà wọn padà, òun fẹ́ lé Bọ́sẹ̀ lọ. Àwọn kan láti hòtẹ́ẹ̀lì mìíràn ń pe àwọn àlejò tó ti gba yàrá níbẹ̀ kí wọ́n tó dé, wọ́n á ní, "Ẹ má lọ síbẹ̀, tiwa dínwó."

"Ta ló mọ nọ́ńbà àlejò mi bí kò ṣe òun?" Màdáàmù ń pariwo.

Bọ́sẹ̀ ń sunkún. "Mọ̀mí, mi ò ta nọ́ńbà ẹnì kankan."

"Ẹ fún mi láyè," ni mo wí. "Ọ̀gá ń ṣiṣẹ́."

Bíráósà la fi ń wo íńtánẹ́ẹ̀tì. Àwọn èèyàn máa ń so nǹkan kéékèèké mọ́ ọn, tá à ń pè ní ẹ̀sìténṣọ̀n: òmíràn á túmọ̀ èdè, òmíràn á tún fọ́tò ṣe. Kó tó wọlé, ó máa ń tọrọ àyè. Ọ̀pọ̀ á kàn tẹ "bẹ́ẹ̀ ni". Èmi ò kí ń kánjú. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ni mo ń pè jáde lẹ́nu, kò sì tì mí lójú.

Mo rí ọ̀kan lórí kọ̀ǹpútà wọn tó ń mú kí fọ́tò mọ́lẹ̀. Àyè tó tọrọ ni pé kó máa ka gbogbo ohun tí a bá kọ sórí ojú ewé yòówù, kó sì lè yí i padà. Ojú ewé bẹ́ẹ̀ náà sì ni wọ́n ń kọ nọ́ńbà àlejò sí.

"Ẹni tó ń tún fọ́tò ṣe, kí ló ń wá nínú nọ́ńbà àlejò? Ta ló so ó mọ́ ọn?" ni mo bi wọ́n.

Màdáàmù ní, "Èmi ni. Fọ́tò àwọn yàrá wa ló dúdú." Síbẹ̀, kò gbà pé Bọ́sẹ̀ kò jẹ̀bi.

Mo ní kí Bọ́sẹ̀ máa lọ sílé, kó má baà mọ ohun tí mo fẹ́ fi dán an wò. Mo ra síìmù tuntun tí ẹnì kankan ò mọ̀, mo fi nọ́ńbà rẹ̀ gba yàrá lórúkọ ìyàwó mi lórí kọ̀ǹpútà wọn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, fóònù mi dún níwájú Màdáàmù, mo gbé e kí òun náà lè gbọ́. "Ẹ káàsán mà, a gbọ́ pé ẹ ń bọ̀ ní Eleko..."

Màdáàmù já a gbà lọ́wọ́ mi. "Bàbá yín ló ń bọ̀ ní Eleko!"

Mo yọ ẹ̀sìténṣọ̀n náà dànù, mo yí páásìwọ́ọ̀dù padà, mo sì fi síìmù mìíràn dán an wò. A retí, retí, kò dún. Màdáàmù fúnra rẹ̀ ló wakọ̀ lọ bá Bọ́sẹ̀ nílé. "Bọ́sẹ̀ mi, má bínú. Mo fẹ̀sùn kàn ọ́ láìtọ́." Ó tún pe àwọn àlejò, ó sọ òótọ́ fún wọn.

Bọ́sẹ̀ ti di máníjà ibẹ̀ báyìí. Láìpẹ́ yìí ni mo fẹ́ so ohun tuntun kan mọ́ kọ̀ǹpútà wọn, ló bá fọwọ́ bo bọ́tìnì "bẹ́ẹ̀ ni".

"Bàbá, kí ló ń tọrọ?"

"Èmi lò ń bi? Èmi ọ̀gá rẹ?"

"Ẹ̀yin náà ni, sà. Ẹ pè é jáde, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan."

Mo gbé awò ojú mi wọ̀. Mo pè é jáde ketekete, inú mi ń dùn ṣìnkìn.