Ìpè Tí Màmá Lorna Ń Retí

Bí irọ́ bá wà nínú ìtàn yìí, kí ahọ́n mi lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi ní ìwé kíkọ, èmi ni mo kọ́ ara mi, kò sì sí professor tó lè já ọ̀rọ̀ mi ní koro.

Màmá Lorna Haskett, onílé wa ní àdúgbò Forest Lawn, ṣe fíìmù mọ́kànlá ní Hollywood láyé àtijọ́. Bó bá rẹ́rìn-ín lójú fíìmù, snow a máa yọ́ lórí òrùlé ní Calgary níbí, ní Canada. Nínú mẹ́wàá nínú wọn, wọ́n pa á kí fíìmù tó dé ìdajì. Lọ́dún 1959, àìsàn ìyá rẹ̀ gbé e wálé. Ọ̀gá tó ń darí fíìmù gba nọ́ńbà ilé, ó ní, "Má jìnnà sí tẹlifóònù. A óò pè ọ́."

Ìyá kú. Màmá ò kúrò nídìí tẹlifóònù. Kò fẹ́ ọkọ, kí ọkọ má baà gbé e lọ síbòmíràn.

Rodiyat, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí mo ń bá gbé ní basement ilé náà, nurse ni. Bó bá ti gba break níbi iṣẹ́, á pe Màmá, bí a ti ń pe àgbà.

"Kí lo fẹ́?"

"Kò sí o, Màmá. Mo ní kí n kàn kí yín ni."

"Kí mi? O ń dí ọ̀nà mọ́ àwọn tó fẹ́ pè mí! Gbé e sílẹ̀!"

Mo ní, "Rodiyat, fi ìyá olóyìnbó sílẹ̀. Òkú ló ń retí."

"Uncle, ẹ jọ̀ọ́ jàre. Ta ló tún ń pè é?"

Òótọ́ ni. Fún ọdún mẹ́rin tí a ti wà níbẹ̀, èmi tí mò ń gbọ́ ẹsẹ̀ èèrà, mi ò gbọ́ kí ìpè ẹlòmíràn dún lórí tẹlifóònù òkè.

Ní February tó kọjá, Rodiyat pè lọ́sàn-án, line náà busy. Ó pè nígbà mẹ́jọ. Ló bá pè mí: "Uncle, ẹ sáré gòkè! Àbí ó ti ṣubú?"

Èmi ń rò ó pé Hollywood ti pè. Mo fò gun àtẹ̀gùn lọ sókè bí ọmọ ogún ọdún.

Màmá jókòó sórí àga. Ọwọ́ tẹlifóònù ti kúrò lórí ìdí rẹ̀, ó wà lórí tábìlì, ó ń ké pí-pí-pí.

"Ta ló pè, Màmá?"

"Kò sẹ́ni tó pè. Èmi ni mo gbé e kúrò. Mo fẹ́ sùn díẹ̀."

Ó dijú. Ọwọ́ mi lọ sí tẹlifóònù náà, ó padà. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Rodiyat Kareem wà láàyè. Ẹ bi í. Á sọ fún yín pé títí dòní line náà ṣì busy, àtẹ̀gùn ni òun ń gùn lọ kí Màmá.